Ìgbín Ajọ̀dà ti Àpátagúnlẹ̀

Inú àpótí onírin ni wọ́n kó àwọn ìgbín náà sí dé orí òkè, ọ̀jọ̀gbọ́n tó dá wọn ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé wọn lé ara àpáta lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń to ẹyin. Ìkarahun wọn kò rí bí ti ìgbín igbó. Àwọ̀ aró ni, ó sì ń dán bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Wọ́n kọ́kọ́ fà wọlé, wọ́n dákẹ́. Àwọn ènìyàn dúró yí ká, wọ́n ń wò wọ́n. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn ìgbín náà yọ ìwo, ó fa ara rẹ̀ dé ibi tí ẹnìkan ti fi ọ̀dà pupa kọ èébú sí ara àpáta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá a.

Ibi tí ẹnu ìgbín náà kọjá, ọ̀dà kò sí níbẹ̀ mọ́. Àpáta ti padà sí àwọ̀ tó ti ní láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé.

"Ó ń jẹ ẹ́!" Morádéùn pariwo, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n náà mú léjìká bí ọmọdé. "Látúnjí, ó ń jẹ ẹ́ o!"

Ariwo ayọ̀ sọ lórí òkè lọ́jọ́ náà. Àwọn kan jó.

Ní ayé ìgbà tí à ń wí yìí, òkun ti gba gbogbo ìlú etí rẹ̀. Ibi tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn baba ńlá wọn wà rí, ẹja ló ń gba ojú fèrèsé wọlé. Àwọn ènìyàn kó gòkè wá sí ilẹ̀ olókè, wọ́n kọ́ ilé lé ara wọn títí kò fi sí ibi tí koríko lè hù mọ́. Ọkọ̀ kì í fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, òfurufú ni wọ́n ń gbà. Ẹran tí ọ̀pọ̀ ń jẹ kì í ṣe ẹran tó rìn rí láyé. Inú ìgò ńlá ni wọ́n ti ń tọ́ ọ bí ìwúkàrà, wọn a wá gé e tà; ẹran ìgò ni wọ́n ń pè é, ẹni tí kò lówó kò sì lè rí i rà. Nínú gbogbo ìlú agbègbè náà, Àpátagúnlẹ̀ nìkan ló fi igbó sílẹ̀. Òkè ńlá kan ni, ọgbà ìgbafẹ́ ni wọ́n sọ ọ́ dà, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sì yí i ká láti ìsàlẹ̀ dé téńté.

Àmọ́ ibi tí gbogbo ayé bá ti ń gba atẹ́gùn, ibẹ̀ náà ni gbogbo ayé ń da pàǹtí sí. Ọ̀rá fò lọ há sórí igi. Agolo kún inú ìsun omi. Èyí tó burú jù ni ìkọkúkọ tó wà lára àwọn àpáta: orúkọ ènìyàn, èébú, àwòrán tí ojú ń tì ènìyàn láti wò. Ọ̀dà àìkú ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Òjé òṣùpá ni wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà yìí, irin kan tó wúwo tí àwọn awakùsà ń wà nínú òṣùpá tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú ọ̀run kó wá sílé. Òjé yìí ló ń mú un tàn nínú òkùnkùn, òun náà ni kì í jẹ́ kó parẹ́. Òjò kò rí i pa rẹ́, oòrùn kò lè mú un ṣá.

Morádéùn ló dá Ẹgbẹ́ Fínnúfíndọ̀ sílẹ̀. Awakọ̀ òfurufú ni kó tó fẹ̀yìn tì, opó ni, kò sì lè jókòó sójú kan. Láràárọ̀ Sátidé ni òun àti àwọn tó fẹ́ ń gun òkè, ẹnìkan kò san kọ́bọ̀ fún wọn. Wọ́n á mú ọ̀pá ẹlẹ́nu tí wọ́n fi ń ṣa pàǹtí, wọ́n á gbé àpò kọ́ èjìká, wọ́n á máa gbá ojú ọ̀nà láti ìdí òkè lọ. Pàǹtí kò ṣòro. Ọ̀dà ló ṣẹ́gun wọn. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, wọ́n fi omi ajónirun fọ̀ ọ́, títí awọ ọwọ́ wọn fi ń bó, ọ̀dà náà kàn ń wò wọ́n níran.

Ìdí nìyí tí Látúnjí fi wọ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ àtúndá ẹ̀dá ni, kò tíì pé ogójì ọdún, kò sì gbéra ga. Òun náà máa ń bá wọn ṣa pàǹtí. Ó rí ọwọ́ Morádéùn lọ́jọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára rẹ̀. Ó padà sí ilé ìdánwò rẹ̀, kò sì jáde dáadáa títí ọdún fi yí po. Ohun tó gbé jáde ni ìgbín ajọ̀dà.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tú ìgbín kan sílẹ̀, ẹgbẹ́ ti kọ́kọ́ jókòó lé e lórí lábẹ́ àtíbàbà ẹnu ọ̀nà ọgbà. Bàbá Adéṣùúrù, ẹni tó dàgbà jù láàárín wọn, ni kò gbà. Ìdí òkè yẹn ni wọ́n ti bí bàbá náà, kó tó di ọgbà rárá.

"Látúnjí, ọmọ mi," ó ní, "iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dára. Ṣùgbọ́n bi mí léèrè ohun tó ń bà mí lẹ́rù."

"Kí ni ó ń bà yín lẹ́rù, Bàbá?"

"Ìgbín ni. Ká ní eku lo dá, tàbí kòkòrò kan, ǹ bá ti dákẹ́. Ìgbín ni ohun tí à ń jẹ. Ẹní da àgbàdo síwájú adìẹ kì í tún jókòó tì í pé kó má ṣá a. Ebi wà nílẹ̀ yìí, o sì fẹ́ da ẹran sínú igbó."

Látúnjí rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn. "Mo ti rò ó, sà. Ẹ wo ìkarahun wọn, ọmọdé pàápàá yóò mọ̀ pé kì í ṣe ìgbín àtijọ́. Mo tún ti fi ìkorò sí ẹran ara wọn. Ẹni tó bá fi ahọ́n kàn án á pọ̀ ọ́ síta. Èkejì..."

"Ìkẹta," ẹnìkan tún un ṣe, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ìkẹta, àgàn ni gbogbo wọn. Wọn kò lè yé ẹyin. Òjé tí wọ́n bá jẹ kì í kúrò lára wọn, nítorí náà bí wọ́n bá ti jẹ ọ̀dà tán, màá wá fi ẹ̀rọ ṣà wọ́n, màá kó òjé náà jáde, ó parí."

"Ta ló sọ fún ọ pé àgàn ni wọ́n?" Bàbá béèrè.

"Èmi ni mo dá wọn, Bàbá."

"Hẹn-ẹn," ni Bàbá Adéṣùúrù wí. "Mo gbọ́."

Ojú gbogbo wọn wá yí sọ́dọ̀ Morádéùn. Òun ni olórí, ibi tó bá tẹ̀ sí ni ẹgbẹ́ yóò tẹ̀ sí. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wo bàbá, ó wo ọmọkùnrin tó ti fi ọdún kan jìyà nítorí wọn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dán an wò." Bàbá Adéṣùúrù kò bínú kúrò nínú ẹgbẹ́. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó bá wọn gun òkè.

Láàárín òjò kan péré, òkè náà di tuntun. Àpáta tí àwọn ọmọdé kò mọ àwọ̀ rẹ̀ rí wá ń dán lábẹ́ oòrùn. Àwọn ìyàwó tuntun ń wá ya àwòrán níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú fi àmì ẹ̀yẹ dá ẹgbẹ́ lọ́lá, wọ́n sì bi Morádéùn pé kí ló ń fẹ́.

Ó mọ ohun tó fẹ́. Ní ẹ̀yìn òkè náà ni àgọ́ àwọn tí òkun lé kúrò nílé wà, àgọ́ aláṣọ tí kò lópin, ogiri sì ni ìlú fi pààlà láàárín wọn àti ọgbà. Morádéùn ní kí wọ́n ṣí ẹnu ọ̀nà fún wọn. Ẹni tó bá bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́ ní Sátidé, kí wọ́n jẹ́ kó ṣa ohun jíjẹ tó bá rí ní ọ̀nà ìsàlẹ̀, ìbáà ṣe olú, ìbáà ṣe àgbálùmọ̀, ìbáà ṣe ìgbín igbó. Ìgbìmọ̀ gbà. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó ńlá pé ìgbín aláró nìkan ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Bẹ́ẹ̀ ni Ìbíwùmí ṣe wọ ayé Morádéùn. Ọmọ apẹja ni, ní ìlú kan tí omi ti bò. Òun ni ó máa ń tún àwọ̀n ṣe fún gbogbo èbúté wọn. Ó dé òkè ní Sátidé àkọ́kọ́, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ẹ̀bùn, tí kò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ. Ó wo àpò tí wọ́n fi ń kó pàǹtí, ó ní, "Ìyá, èyí á ya kí a tó dé òkè." Ó ṣa ọ̀rá tó há sórí igi, ó jókòó sórí òkúta, ó fi ìka rẹ̀ hun ún lọ́nà tí ojú kò fi lè bá a. Kí wọ́n tó mu omi tán, ó ti hun àpò tó lè gbé ẹrù ènìyàn méjì. Láti ọjọ́ náà, àpò ọwọ́ Ìbíwùmí ni gbogbo ẹgbẹ́ ń lò. Ìyá Òkè ni ó ń pe Morádéùn. Nígbà tí wọ́n bá sinmi, òun ló máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó lè sín gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú jẹ títí dé bí wọ́n ṣe ń húkọ́.

Ó sọ fún Morádéùn lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá Òkè, láti ìgbà tí a ti dé àgọ́, ẹran kò kan ahọ́n ọmọ mi. Òkè yín yìí ló bọ́ wa."

"Òkè tiwa ni," Morádéùn dá a lóhùn.

Òjò ọdún kejì rọ̀ gan-an. Ní àárọ̀ kan, Morádéùn ń ṣa agolo ní ọ̀nà tó lọ sí ìsun omi nígbà tó rí àwọn ìgbín kéékèèké kan lára àpáta. Kò kọ́kọ́ fiyè sí wọn, nítorí ìgbín lásán ni wọ́n, aláwọ̀ ilẹ̀ tí ó ní ìlà, irú èyí tí ìyá rẹ̀ ń sè. Ó ti fẹ́ kọjá kó tó rí ojú ipa tí wọ́n rìn. Ìkọkúkọ aláwọ̀ ìyeyè kan tó kù níbẹ̀, tí ìgbín aláró kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ni àwọn ìgbín kékeré náà dì mọ́. Wọ́n ń lá a. Àpáta ń funfun lẹ́yìn wọn.

Ó kó díẹ̀ sínú agolo, ó ya ara rẹ̀ kúrò lára àwọn yòókù, ó wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìdánwò Látúnjí.

Látúnjí gbé ọ̀kan sábẹ́ awò. Ó pẹ́ tó ti tẹ orí ba. Nígbà tó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Ìgbín kì í wá akọ wá abo," ó ní, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Èyíkéyìí nínú wọn ló lè ṣe méjèèjì. Ẹyin tiwọn ni mo pa. Mi ò pa àtọ̀ wọn. Wọ́n ti gun àwọn ti igbó. Àwọn ti igbó ló yé ẹyin náà."

"Àwọ̀ aró ńkọ́? Ìkorò ńkọ́?"

"Kò bá wọn jáde. Ẹnu tó ń jẹ ọ̀dà nìkan ló bá wọn jáde."

"Òjé náà wá ń bẹ lára wọn?"

"Ó ṣeé ṣe. N kò tíì mọ̀."

Morádéùn dìde. "Àwọn ènìyàn ń jẹ wọ́n, Látúnjí. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa jẹ wọ́n. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún wọn báyìí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fún mi láyè kí n yẹ ẹran ara wọn wò dáadáa, kí n mọ ìwọ̀n òjé tó wà níbẹ̀. Bí a bá lọ pariwo lónìí, ṣé ẹ mọ ohun tí ìgbìmọ̀ á ṣe? Wọ́n á dáná sun òkè náà. Wọ́n á ti ẹnu ọ̀nà mọ́ àwọn ará àgọ́, wọn kò sì ní ṣí i mọ́ láéláé. Bó bá wá jẹ́ pé òjé náà kéré, tí kò lè pa eṣinṣin ńkọ́? Ẹ kàn ní sùúrù díẹ̀ fún mi."

Òótọ́ wà nínú ohun tó wí, ohun tó sì mú kó le nìyẹn. Morádéùn ro òkè náà, bí iná ṣe máa jó o. Ó ro Ìbíwùmí lẹ́yìn ogiri. Ó ní, "Ẹ ṣe é kíákíá." Ó sì lọ sílé.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó gbìyànjú láti sọ ọ́ láìsọ ọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ìgbín sinmi ní òjò yìí, wọ́n ń yé lọ́wọ́, bí wọ́n bá ṣa gbogbo rẹ̀ tán kí ni wọn yóò jẹ lọ́dún tó ń bọ̀? Àwọn ará àgọ́ mi orí. Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n wá ni. Ṣùgbọ́n ìgbín pọ̀ lọ́dún náà ju bí ẹnikẹ́ni ti rí i rí lọ, ebi kì í sì í gbọ́ ti ọdún tó ń bọ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, Ìbíwùmí kan ilẹ̀kùn Morádéùn. Ó wọ aṣọ tó dára jù nínú èyí tó ní, ó gbé abọ́ ọlọ́mọrí lọ́wọ́, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

"Ìyá Òkè, ọjọ́ ìbí Ẹ̀bùn la ṣe. Mo ní kò sí bí a ṣe máa ṣe é tí ẹnu yín kò ní kàn án."

Morádéùn ṣí ọmọrí. Ìgbín ni, ìgbín tó kún abọ́, tí wọ́n ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ títí itọ́ ara rẹ̀ fi tán, tí wọ́n fi ata àti àlùbọ́sà dín. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo iyàrá.

Ó wo ojú Ìbíwùmí. Ó fẹ́ sọ ọ́. Ó rántí pé òun ti gbà láti ní sùúrù, pé èsì kò ní pẹ́ jáde, pé ó lè má jẹ́ nǹkan kan. Bóyá ojú ló sì tì í, ojú lásán, láti sọ fún obìnrin kan lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀ pé ohun tó gbé wá lè jẹ́ májèlé.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó ní. "O ṣeun gan-an. Bá mi kí Ẹ̀bùn."

Nígbà tí Ìbíwùmí lọ tán, ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó da ìgbín náà sínú rẹ̀, ó bò ó mọ́lẹ̀. Ó fọ abọ́ náà. Ní Sátidé, ó fi àkàrà sínú rẹ̀ dá a padà, nítorí a kì í dá abọ́ padà lófìfo.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọkùnrin kan láti àgọ́. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọtí àná ló ń dà á láàmú. Ọ̀sẹ̀ kejì, obìnrin méjì kò lè di ọ̀pá mú. Ẹnìkan fẹ́ pe orúkọ ọmọ rẹ̀, orúkọ náà kò wá sí ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Morádéùn rí Ìbíwùmí tó jókòó sórí òkúta, ọ̀rá wà lórí itan rẹ̀, ó ń gbìyànjú láti ta kókó kan, kókó náà ń tú. Ó tún un ta. Ó tún tú. Ó gbé orí sókè, ó rẹ́rìn-ín sí Morádéùn. "Ọwọ́ mi ti ń dàgbà, Ìyá," ó ní, ahọ́n rẹ̀ sì wúwo díẹ̀.

Morádéùn kò dúró ṣa pàǹtí mọ́. Ó sáré bọ́ sílẹ̀ láti orí òkè. Nígbà tó dé ilé ìdánwò, Látúnjí ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ogiri. Èsì ti jáde. Òjé òṣùpá inú ìgbín kan ṣoṣo tó láti ba iṣan ọmọdé jẹ́.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?" ó bi í.

"Láàárọ̀ àná. Mo ní kí n tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Látúnjí," Morádéùn wí, kò sì fi "ẹ" kún un mọ́, "o pa wá. Èmi náà pa wọ́n."

Wọ́n pe gbogbo ẹgbẹ́ àti àwọn ará àgọ́ jọ sí abẹ́ àtíbàbà ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Látúnjí dúró níwájú wọn, ó ṣàlàyé ohun gbogbo, kò fi nǹkan kan pamọ́ nípa iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ariwo sọ. Ẹnìkan ju bàtà lù ú. Ọkùnrin kan tó gbé ọmọ dání ń pariwo pé, "Ẹ ní aláró ni ká má jẹ! Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀! Ṣé àwọ̀ aró wà lára èyí tí mo fún ọmọ mi ni?" Látúnjí kò sá. Ó dúró bí igi.

Nígbà náà ni Bàbá Adéṣùúrù dìde. Gbogbo ènìyàn rò pé ó fẹ́ sọ ohun tó ti sọ lọ́jọ́sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà tẹ orí ba, ó ń retí rẹ̀.

"Ẹ má lù ú pa," ni bàbá wí. "Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ tọ́jú wa. Látúnjí, níbo ni ẹ̀rọ tí ẹ fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò? Èmi náà jẹ ẹ́."

"Bàbá! Ẹ̀yin tí ẹ ní..."

"Èyí tí mo rí kì í ṣe aláró. Ó rí bí èyí tí ìyá mi ń sè fún mi ní kékeré, lórí òkè yìí kan náà." Ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú, gbogbo wọn sì rí i bó ṣe ń gbọ̀n. "Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n jẹ ẹ́. Ó dùn ni."

Ẹ̀rọ afọ̀jẹ̀ wà ní ayé ìgbà náà, ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ènìyàn jáde, tí ń sẹ́ ẹ, tí ń dá a padà sára. Ó fa òjé jáde nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn. Èyí tó ti wọ inú ọpọlọ àti iṣan ni kò sí ẹ̀rọ tó lè bá a. Bàbá Adéṣùúrù kú kí ọyẹ́ tó dé. Àwọn ọmọdé mélòó kan láti àgọ́ ṣáájú rẹ̀ lọ. Àwọn tó kù ń gbé pẹ̀lú ohun tó kù lára wọn.

Ìgbìmọ̀ ìlú ti ọgbà náà pa. Wọ́n fẹ́ dáná sun ún, ṣùgbọ́n ìgbín ti wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ yé ẹyin, iná kò sì lè dé ibẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dà àìkú kọ ìkìlọ̀ gàdàgbà sára àpáta tó kọjú sí àgọ́, kí ẹni ebi má baà fo ogiri. Nígbà tí òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìgbín ti lá gbogbo rẹ̀. Irin ni wọ́n wá gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà sí. Látúnjí fi ara rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́, wọ́n sì dá a lẹ́wọ̀n. Nínú ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n bi í bóyá ẹlòmíràn mọ̀ kí èsì tó jáde. Ó ní rárá, òun nìkan ni. Morádéùn wà nínú ilé ẹjọ́ lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́ irọ́ náà, ó mọ̀ pé nítorí òun ni, kò sì dìde.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni kò lè sùn dáadáa mọ́. Ní ọ̀sán kan, ó gbé ìrẹsì àti epo, ó lọ sí àgọ́. Ó bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà, ó wọlé.

Orí ẹní ni Ìbíwùmí wà, wọ́n fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti rù. Nígbà tó rí ẹni tó wọlé, ojú rẹ̀ là.

"Ì-yá Ò-kè." Ọ̀rọ̀ ń ti ẹnu rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa ẹrù gòkè. "Mo ti ń... retí yín."

"Mo dé, ọmọ mi. Máà dá ara rẹ lágara."

"Rárá. Ọ̀rọ̀ kan wà. Ó ń... pa mí lára." Ó sinmi. "Abọ́ tí mo gbé wá. Ọjọ́ ìbí. Ṣé ẹ jẹ ẹ́? Mi ò lè sùn. Mo ní... mo fi ọwọ́ ara mi... gbé májèlé fún yín."

Morádéùn jókòó tì í. Ó rí i pé bí òun bá ní òun jẹ ẹ́, wọn yóò jọ sunkún, ọ̀rọ̀ náà yóò sì parí síbẹ̀. Ó wo ojú obìnrin tó ti ń fi òru jìyà nítorí òun.

"N kò jẹ ẹ́," ó ní.

Omijé bọ́ lójú Ìbíwùmí. Ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìdajì ẹnu tó ṣì ń gbọ́ tirẹ̀. "Ọpẹ́ o. Ọpẹ́ o. Ẹ̀bùn, Ìyá kò jẹ ẹ́ o."

Ó sinmi, ó fi orí ti ìrọ̀rí. Ẹ̀rín náà wà lójú rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

"Ẹ fẹ́ràn ìgbín," ó ní. "Ẹ ti sọ fún mi."

"Mo fẹ́ràn rẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò jẹ ẹ́?"

Morádéùn kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó lè bí. Ó sọ ọ́ tán, láti orí àpáta ìsun omi títí dé ilẹ̀ tó gbẹ́ lẹ́yìnkùlé. Kò ti ọ̀rọ̀ sí Látúnjí lọ́rùn. Kò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dárí jì òun, nítorí kò mọ ẹni tó lè fi ẹnu béèrè irú ìyẹn. Ìbíwùmí ń gbọ́. Kò pariwo, kò sì gégùn-ún.

"Ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," ó wí. "Ẹ ní... kí n kí Ẹ̀bùn." Ó yí ojú sí ara aṣọ àgọ́. "A jẹ ẹ́ títí... ọ̀sẹ̀ yẹn parí."

"Ìbíwùmí..."

"Ẹ̀bùn." Ohùn rẹ̀ le, ó sì já gaara fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Bá Ìyá gbé bàtà wọn."

Ọmọ náà dìde láti igun tó jókòó sí. Ó di òpó àgọ́ mú, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó gbé bàtà kan wá, ó gbé e síwájú Morádéùn. Ó tún padà lọ gbé èkejì, nítorí ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù tí ó lè fi di nǹkan mú.